Ẹ̀yin olórí NFL, adé ọdún 1925 tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ Pottsville ńkọ́?

Sí Ọ̀gá Roger Goodell, kọmíṣánnà NFL, líìgì futubọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni tíìmù méjèèjìlélọ́gbọ̀n tó wà nínú líìgì náà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mi ò ní kí ju báyẹn lọ torí ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé iwájú yín ti pẹ́ nílẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ọmọ Yorùbá ni mí, Pennsylvania ni mò ń gbé, tírélà ni mò ń wà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, bọ́ọ̀lù yín ò yé mi rárá, mo ní kí ló dé tí wọ́n ń pe nǹkan tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá ní futubọ́ọ̀lù, àfi ìgbà tí mo rí Ogunleye lẹ́yìn jẹ́sì Chicago Bears, tí mo tún gbọ́ pé Gbaja-Biamila kan wà ní Green Bay, ni mo bá fà àga jókòó. Àtìgbà yẹn mi ò dìde mọ́. Torí náà kẹ́nikẹ́ni má bi mí pé kí ló kàn mí níbẹ̀.

Ẹnu bàbá arúgbó kan ní Pottsville ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí. Mo já ẹrù síbẹ̀, à ń dúró kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ẹrù fún mi, la bá ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Mo bi wọ́n pé nínú tíìmù Pennsylvania méjèèjì, ṣé Eagles ni wọ́n ń ṣe àbí Steelers. Bàbá ní ìlú àwọn ti gba adé NFL rí, wọ́n ní wọ́n jí i gbé ni. Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí ẹ̀, nígbà tí mo rí ohun tí mo rí, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu èmi náà.

Ọjọ́ kẹfà oṣù December 2025 ló pé ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé tí Pottsville Maroons, tíìmù ìlú bàbá yẹn, lọ na Chicago Cardinals nínú ilé wọn. Ọjọ́ náà dé, ó kọjá lọ, nínú ìwé yín Cardinals ṣì ni ṣáńpíọ̀n 1925. Èyí tó wá ká mi lára jù ni pé kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ò tíì dé etí yín o. Wọ́n gbé e wá síwájú yín lọ́dún 2003, ẹ dìbò lé e lórí, tíìmù ọgbọ̀n ní rárá, méjì péré ló ní ká tún ẹjọ́ náà gbọ́. Òótọ́ ni pé Ọ̀gá Goodell ò tíì débẹ̀ nígbà yẹn, Paul Tagliabue ló wà lórí àga. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jogún àga, ó ti jogún gbèsè tó wà lábẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin ará tẹ́ ẹ ń bá wa kà á, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ irú tíìmù tó jẹ́ fún yín.

Ìlú èédú ni Pottsville, ní Schuylkill County, níbi tí wọ́n ti ń wa anthracite, èédú líle tó ń dán bíi gíláàsì. Ìlú kékeré ni, àwọn èèyàn ibẹ̀ fi díẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún 20 nígbà yẹn. Ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa ibẹ̀ á ti rí Yuengling rí, bíà tí wọ́n ti ń pọn ńbẹ̀ láti 1829 (nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n má ta ọtí mọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà, ice cream ni wọ́n yíjú sí, kí iná má bàa kú). Gbogbo ìlú awakùsà agbègbè yẹn ló ní tíìmù tiẹ̀, Coaldale, Shenandoah, Gilberton, wọ́n á ṣiṣẹ́ nínú ihò láàárín ọ̀sẹ̀, tó bá di ọjọ́ Sunday wọ́n á wá fi egungun pàdé egungun. Kẹ́ ẹ má rò pé bọ́ọ̀lù yẹpẹrẹ ni o. Fritz Pollard, ọmọ adúláwọ̀ tó bá Akron gba adé àkọ́kọ́ líìgì yín lọ́dún 1920, òun náà gbá fún Gilberton.

Ọdún 1920 náà ni tíìmù Pottsville bẹ̀rẹ̀ ní tiwọn. Lọ́dún 1924 wọ́n gba adé líìgì àwọn ìlú èédú, Anthracite League. Oníṣẹ́ abẹ kan, Dókítà John Striegel, ló ti rà wọ́n lọ́dún yẹn. Jẹ́sì tó di orúkọ fún wọn gan-an, ẹ̀rín ni. Wọ́n ránṣẹ́ sí Joe Zacko tó ń ta ohun èlò eré ìdárayá nílùú pé kó bá àwọn wá jẹ́sì, dókítà ní àwọ̀ tó bá wù ú kó kó wá, ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ni máròònù. Báyìí ni wọ́n ṣe di Maroons. Kò sẹ́ni tó jókòó ronú orúkọ, kò sẹ́ni tó gba kọnsọ́tántì.

Pápá iléèwé ni wọ́n ń lò, Minersville Park, kò jìnnà sí ìlú. Kóòṣì wọn ni Dick Rauch. Àwọn tó wà níbẹ̀: Tony Latone, tó ti wọ ihò èédú láti kékeré, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ tó fi ń ti ọkọ̀ èédú lábẹ́ ilẹ̀ ló fi ń ya àwọn èèyàn lórí pápá. Walter French, tó tún ń gbá baseball fún Philadelphia Athletics. Charlie Berry, tó kó 74 póìǹtì lọ́dún 1925, kò sẹ́ni tó kó tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo NFL lọ́dún yẹn. Bẹ́ẹ̀ ọdún àkọ́kọ́ tí tíìmù náà wọ NFL nìyẹn o!

Ohun mìíràn tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀, òfin Pennsylvania ìgbà náà ò fẹ́ eré lọ́jọ́ Sunday. Ní Philadelphia wọ́n ń tẹ̀ lé òfin yẹn gidi, torí náà ọjọ́ Saturday ni Frankford Yellow Jackets ń gbá nílé. Pottsville ò dá òfin yẹn lóhùn, Sunday ni tiwọn. Àwọn tíìmù tó bá wá láti ọ̀nà jíjìn á wá gbá Frankford lọ́jọ́ Saturday, wọ́n á wọ rélùwéè, wọ́n á gbá Pottsville lọ́jọ́ kejì, owó méjì lórí ìrìnàjò kan. Líìgì yín mọ̀, líìgì yín jẹ nínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ òfin nígbà yẹn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó yá, ẹjọ́ mi rèé.

1. Pottsville lu Cardinals lórí pápá.

Ọjọ́ kẹfà December 1925, Comiskey Park, Chicago. Sínóò bo ilẹ̀. Àwọn méjèèjì ló wà lókè pátápátá, gbogbo ayé mọ̀ pé ẹni tó bá mú tọjọ́ yẹn ló mú ọdún. Àwọn awakùsà wọ rélùwéè láti Pennsylvania lọ bá Cardinals nílé wọn, wọ́n lù wọ́n 21 sí 7. Paddy Driscoll tí Cardinals gbójú lé wà níbẹ̀, kò sí ohun tó rí ṣe sí i. Lọ́jọ́ kejì àwọn ìwé ìròyìn ti ń pe Pottsville ní ṣáńpíọ̀n.

2. Ìṣirò yín gan-an ló ń dá mi lẹ́jọ́ àre.

Nígbà yẹn kò sí Super Bowl, kò sí fáínà kankan. Ohun tí wọ́n ń wò ni iye ìgbà téèyàn borí nínú iye ìgbà tó gbá, wọn ò ka ọ̀mì. Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Comiskey Park, Cardinals ti borí 9, wọ́n ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀méjì, wọ́n sì gbá ọ̀mì kan. Ẹ ṣèṣirò ẹ̀, 81.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Pottsville borí 10, ó pàdánù 2, ìyẹn jẹ́ 83.3. Ta ló wà lókè? Ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ̀ ọ́n. Kí Cardinals tó lè lé wọn bá, àfi kí wọ́n wá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mìíràn fi kún un. Ohun tí wọ́n sì ṣe nìyẹn, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

3. Mi ò ní pa mọ́ pé dókítà ṣẹ̀.

Àgbọ́ẹnìkan dá ẹjọ́, àgbà òṣìkà ni wọ́n ń pè é nílé wa, nítorí náà ẹ jẹ́ n sọ tòdì kejì. Lọ́jọ́ kejìlá December, Dókítà Striegel kó tíìmù ẹ̀ lọ sí Shibe Park ní Philadelphia, wọ́n lọ gbá àwọn tó ti jáde ní yunifásítì Notre Dame, àwọn ìràwọ̀ mẹ́rin tí gbogbo Amẹ́ríkà ń pè ní Four Horsemen wà láàárín wọn. Philadelphia sì rèé, abẹ́ Frankford ló wà ní ti òfin líìgì, tíìmù mìíràn ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ gbá láìgba àṣẹ. Frankford gan-an ń gbá nílé lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n fẹjọ́ sùn. Joe Carr, ààrẹ NFL, ti kìlọ̀ fún dókítà ṣáájú, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Dókítà ní òun ti gbàṣẹ. Ó ní òun pe ọ́fíìsì líìgì lórí fóònù, wọ́n ní kò sí wàhálà. Carr ní irọ́ ni, tàbí pé ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́. Kò sí ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló wà ńbẹ̀, ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe máa ń rí tí owó bá ti wọ̀ ọ́.

Nítorí náà ó ṣẹ̀. Mo gbà. Wọ́n ní ó ṣẹ̀ tó ẹni tí wọ́n máa gba 500 dọ́là lọ́wọ́ ẹ̀, ó dáa, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n wọn ò dúró síbẹ̀. Wọ́n lé tíìmù náà kúrò nínú líìgì pátápátá, wọ́n ní wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ sí adé mọ́, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kù fún wọn ní Providence, wọ́n ní kí wọ́n má gbá a. Kí ló wá kan eré Notre Dame pẹ̀lú adé NFL? Notre Dame ò sí nínú líìgì. Àwọn tí wọ́n gbá lọ́jọ́ yẹn ò fi póìǹtì kankan kún tábìlì yín, wọn ò yọ kankan.

Ẹ jẹ́ n ya díẹ̀ níbí. Ìgbà yẹn, èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé bọ́ọ̀lù yunifásítì ni bọ́ọ̀lù, àwọn tó ń gbowó gbá a, ìpáǹle ni wọ́n kà wọ́n sí, pé wọn ò lè dúró níwájú Notre Dame. Notre Dame ló kọ́kọ́ ń borí lọ́jọ́ náà, 7 sí òfo. Latone gbé bọ́ọ̀lù wọlé, Berry gbá èyí tó yẹ kó fi kún un, ó tàsé, ó kù 7 sí 6. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí, Charlie Berry yìí kan náà gbá bọ́ọ̀lù láti nǹkan bí 30 yáàdì, ó gba àárín òpó méjèèjì kọjá. 9 sí 7. Àwọn awakùsà lu Four Horsemen! Lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó ń fojú kéré líìgì yín rí i pé àwọn ọkùnrin tó ń gbowó gbá bọ́ọ̀lù mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tó gbé orúkọ yín ga báyẹn lẹ lé jáde.

Ẹni tó fẹjọ́ sùn sì ńkọ́? Frankford, tí Pottsville ṣẹ̀ṣẹ̀ lù 49 sí òfo ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n November. Mi ò sọ nǹkan kan o.

4. Àwọn ọmọ iléèwé Chicago.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti wá burú, ibí ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ ti tẹ́tí dáadáa.

Chris O'Brien ló ni Cardinals nígbà yẹn. Ohun tó ń wá gan-an ni owó: Red Grange, ìràwọ̀ bọ́ọ̀lù yunifásítì, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Chicago Bears, èrò ń ya tẹ̀ lé e kiri bí ìgbà téèyàn da ṣúgà sílẹ̀ fún eèrà, O'Brien sì ń fẹ́ kí Bears wá bá òun gbá lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí Cardinals bá wà lókè tábìlì, ọ̀rọ̀ á dùn. Torí náà, lẹ́yìn tí Pottsville ti nà án tán, ó sáré wá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì mọ́ ọn, ọ̀kan pẹ̀lú Milwaukee Badgers, ọ̀kan pẹ̀lú Hammond Pros. Àwọn tíìmù méjèèjì yìí ti ṣíwọ́ ọdún, wọ́n ti tú ká, oníkálùkù ti lọ ilé ẹ̀.

Milwaukee ò rí èèyàn kó jọ. Art Folz, tó ń gbá fún Cardinals fúnra ẹ̀, lọ sí iléèwé Englewood High School ní Chicago, ó kó ọmọ mẹ́rin wá, wọ́n fi orúkọ irọ́ sí wọn lára, wọ́n wọ jẹ́sì Milwaukee fún wọn, wọ́n jù wọ́n sáàárín àwọn ọkùnrin. Ọjọ́ kẹwàá December. 59 sí òfo.

Nílé wa, nígbà tá a wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, àgbàlagbà tó ti nírùngbọ̀n ni wọ́n máa ń wọ yúnífọ́ọ̀mù fún pé kó wá bá wa gbá Principal's Cup, mẹ́síná là ń pè wọ́n, ojú sì máa ń ti gbogbo wa tí àṣírí bá tú. Mi ò tíì gbọ́ ọ rí pé wọ́n mú ọmọ iléèwé wá ṣe mẹ́síná fún àgbàlagbà. Àwọn ọmọ yẹn lè ṣeṣẹ́, wọ́n sì fi ẹ̀tọ́ wọn láti gbá bọ́ọ̀lù iléèwé wewu. Torí kí ni? Torí ìdá kékeré nínú ọgọ́rùn-ún.

Lọ́jọ́ kejìlá, Cardinals tún lu Hammond 13 sí òfo. Ẹ wo ọjọ́ yẹn dáadáa. Ọjọ́ kejìlá December, ọjọ́ Saturday kan náà tí Pottsville ń gbá Notre Dame ní Philadelphia. Níbì kan wọ́n ń borí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù jù ní Amẹ́ríkà, wọ́n fìyẹn jẹ wọ́n níyà. Níbì kejì wọ́n ń borí tíìmù tó ti tú ká, ìyẹn wọ inú ìwé. Èyí ni ohun tó sọ Cardinals di 11 sí 2, 84.6 nínú ọgọ́rùn-ún.

Nígbà tí àṣírí àwọn ọmọ yẹn tú, Carr bínú, mo gbóríyìn fún un. Ó gba 1,000 dọ́là lọ́wọ́ O'Brien. Ó gba 500 lọ́wọ́ Ambrose McGurk tó ni Milwaukee, ó ní kó lọ ta tíìmù ẹ̀. Ó ní Folz ò gbọdọ̀ gbá NFL mọ́. Ó tún ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹn, yíyọ ni wọ́n máa yọ ọ́ kúrò nínú ìwé.

Wọn ò yọ ọ́. Ó wà níbẹ̀ dòní. 59 sí òfo, tí wọ́n fi lu àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, ó ṣì ń ka póìǹtì fún Cardinals bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tiyín gbẹ́ Pottsville títí kan egungun.

5. Ẹni tẹ́ ẹ fún ní adé kọ̀ ọ́.

Nígbà tí àwọn tó ni tíìmù pàdé, tí wọ́n fẹ́ fi adé náà lé Cardinals lọ́wọ́, O'Brien ní òun ò gbà. Ó ní kò tọ́ sí tíìmù òun. Ọkùnrin yìí tó ti fi ojúkòkòrò dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, nígbà tó kù díẹ̀ ojú tì í. Báyìí ni adé 1925 ṣe wà láìlólórí.

Ìgbà tí Charles Bidwill ra Cardinals ní àwọn ọdún 1930 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe adé náà ní tiwọn. Ìdílé Bidwill ló ṣì ni ín títí dòní, láti Chicago dé St. Louis, láti St. Louis dé Arizona. Ọ̀gá Michael Bidwill, mi ò mọ̀ yín, mi ò sì ní bú bàbá bàbá yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbà á rò o. Ẹ ti gba 1947, tiyín ni, kò sẹ́ni tó lè bá yín jà lórí ẹ̀. Látìgbà yẹn, ẹ ò tíì gba òmíràn. Àwọn ará Pottsville ní èpè ni. Èmi ò mọ̀ nípa èpè, àmọ́ mo wo Super Bowl ọdún 2009 tí Santonio Holmes fi ìka ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ ní igun yẹn nígbà tí àkókò ti fẹ́ tán, tí Steelers, tíìmù Pennsylvania, gba adé mọ́ yín lọ́wọ́, mo kàn mi orí ni.

6. Ẹ lé wọn, ẹ tún lọ bẹ̀ wọ́n.

Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ Pottsville tóbi débi pé wọn ò gbọdọ̀ sí nínú líìgì. Ó dáa. Ṣé ẹ mọ ìgbà tí wọ́n padà wọlé? Ọdún 1926, ọdún tó tẹ̀ lé e gan-an. Red Grange àti mánéjà ẹ̀, C. C. Pyle, ló dá líìgì tiwọn sílẹ̀ lọ́dún yẹn, ẹ̀rù ń ba NFL pé kí Pottsville má lọ bá wọn, ni wọ́n bá sáré ṣílẹ̀kùn. Bí wọ́n bá fọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, wọ́n á fi òsì fà á mọ́ra, a mọ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ kọ́ ló fà á mọ́ra níbí. Òfin tó ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ ní December ti di ọ̀rọ̀ àná kí ọdún tó yí po. Adé nìkan ni wọn ò dá padà.

Tíìmù náà gbá dáadáa lọ́dún 1926, wọ́n borí 10, wọ́n pàdánù 2, wọ́n gbá ọ̀mì 2. Lẹ́yìn ẹ̀ ó ń lọ sílẹ̀. Lọ́dún 1929 wọ́n kó wọn lọ sí Boston, wọ́n sọ wọ́n ní Bulldogs, ọdún kan péré, ó parí.

7. Ìbò 2003.

Ẹ ti kọ́kọ́ sọ pé rárá lọ́dún 1963. Lọ́dún 2003 Gómìnà Ed Rendell fúnra ẹ̀ wá síwájú yín, olórí ìlú Pottsville wá, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Ìbò yẹn jáde ní October: 30 sí 2. Àwọn méjì tó dúró ti Pottsville ni Eagles àti Steelers, ìyẹn àwọn ará ilé. Dan Rooney ti Steelers kì í ṣe ọmọdé nínú ọ̀rọ̀ NFL o, bàbá ẹ̀ ló dá tíìmù wọn sílẹ̀ lọ́dún 1933, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìgbà àtijọ́ ṣe rí, ọ̀dọ̀ irú wọn ló ń lọ. Òun ní ẹ jẹ́ ká wò ó. Ọgbọ̀n yòókù ní rárá.

Ẹ fiyè sí ohun tí wọ́n dìbò lé lórí. Kì í ṣe pé kí wọ́n fún Pottsville ní adé lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n ṣí ẹjọ́ náà ni. Kí wọ́n wò ó. Ọgbọ̀n nínú yín ní àwọn ò fẹ́ wo nǹkan kan. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́, kí ló ń fi pamọ́ sẹ́yìn?

Ohun tí mò ń bèèrè rèé, mi ò bèèrè owó, mi ò bèèrè kẹ́ ẹ dá tíìmù tó ti kú sílẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ ṣe ohun tí Joe Carr sọ pé òun máa ṣe. Ẹ yọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Milwaukee yẹn kúrò. Ẹ ò nílò ìbò fún ìyẹn, ààrẹ yín ti pàṣẹ ẹ̀ láti 1925, iṣẹ́ akọ̀wé ló kù. Mo mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ nìkan, Cardinals ṣì wà ní 10 sí 2, bákan náà pẹ̀lú Pottsville. Ó dáa bẹ́ẹ̀! Tí àwọn méjì bá wà lórí ìlà kan, ta ló lu èkejì ní Comiskey Park?

Ìkejì, ẹ kó gbogbo ìwé ọ̀rọ̀ yìí síta, lẹ́tà tí Carr kọ sí dókítà, tẹligíráàmù, àkọsílẹ̀ ìpàdé tí O'Brien ti kọ adé náà, kí gbogbo èèyàn fojú ara wọn kà á.

Ìkẹta, tẹ́ ẹ bá máa tún dìbò, kí tíìmù kọ̀ọ̀kan sọ ìdí ẹ̀ ní gbangba. Ẹ̀yin Green Bay Packers pàápàá, tó jẹ́ pé ará ìlú ló ni yín, ìlú kékeré bíi Pottsville tó rí àánú gbà tó fi wà láàyè. Lójú tèmi, ẹ̀yin gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ nawọ́.

Ìkẹrin, ẹ kọ Pottsville Maroons sí iwájú 1925. Tẹ́ ẹ bá sọ pé ẹ ò lè yọ Cardinals, ẹ kọ àwọn méjèèjì. Èmi ò fara mọ́ pínpín yẹn tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n mo ti bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa gbà á, wọ́n ti dúró pẹ́ ju ẹni tó ń yan ẹran lọ.

Nínú Hall of Fame yín ní Canton, ilé tí wọ́n ń tọ́jú ìtàn bọ́ọ̀lù yín sí, bọ́ọ̀lù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi èédú gbẹ́. Àwọn tó gbá fún Maroons ló ṣe é fúnra wọn nígbà tí wọ́n ti darúgbó, pé níwọ̀n ìgbà tí líìgì ò fún àwọn ní adé, àwọn á gbẹ́ tàwọn láti inú ohun tó wà nílẹ̀ àwọn. Ẹ gbà á, ẹ gbé e sínú gíláàsì, àwọn èèyàn ń sanwó wọlé wá wò ó. Ṣáńpíọ̀n 1925 ni wọ́n kọ sára ẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ló tan iná sí i lórí.

Pápá Minersville ò sí mọ́, ibi ìtajà ló wà níbẹ̀ báyìí. Lóṣù tó ń bọ̀ mo tún ní ẹrù láti já lágbègbè yẹn. Tí bàbá yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á bi mí bóyá ẹ ti dáhùn. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Èmi ni tiyín,
Awakọ̀ tírélà kan, ọmọ Yorùbá ní Pennsylvania